Etí Mi Ni Bàbá Dàpọ̀ Fi Ń Gbọ́ Orin

Ẹ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, mo dúró dè yín. Ó pa yín lẹ́rìn-ín pé Dàpọ̀, tó bí ẹ̀yin mẹ́ta yìí, tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ní Yábàá, gbé arúgbó lọ sí ṣọ́ọ̀bù pé kó wá bá òun yan ẹ̀rọ orin. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wọn náà ń fọwọ́ bo ẹnu. Kò burú. Ẹ jókòó, ẹ má dìde nítorí mi, màá sọ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n ẹ má retí kí n sunkún níbi tó yẹ kí n sunkún, ẹ má sì retí kí n bá yín rẹ́rìn-ín púpọ̀. Láti ìgbà tí bàbá yín àgbà ti lọ, ó lé ní ọdún méjì báyìí, nǹkan kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn mí, inú mi kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dùn. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí bí èèyàn bá sùn lé apá rẹ̀. Apá wà níbẹ̀, ojú ń rí i, ṣùgbọ́n bí ẹ fọwọ́ kàn án, kò mọ̀.

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Nígbà tí èmi àti bàbá yín àgbà kó wá sí Àgùdà, yàrá méjì péré la gbà, a sì ń bá àwọn mìíràn lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. Tíṣà ìṣirò ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Èmi ń ṣe nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ní Ìdí-Àràbà. Nígbà tí a bí Dàpọ̀, Bàbá Dàpọ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè é, èmi náà ò sì pè é ní nǹkan mìíràn mọ́ títí ó fi kú. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ọmọ Ìjẹ̀bú lèmi. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní obìnrin Ìjẹ̀bú á ná an lówó tán. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀rọ orin ló máa ṣe é, pé kì í ṣe èmi.

Bí ẹ bá jí láàárọ̀ nígbà yẹn, ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ìpè àdúrà, lẹ́yìn náà ìgbálẹ̀ lẹ́yìnkùlé, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ ìránṣọ obìnrin tó wà ní yàrá iwájú, tó máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó tó fi omi bọjú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dún, bí ẹni pé wọ́n tò sórí ìlà. Kò sí jẹnẹrétọ̀. Bí ìjọba bá mú iná lọ, gbogbo àdúgbò á dákẹ́ ni, ẹ ó sì gbọ́ tí ẹnìkan ń fọ abọ́ ní òpópónà kejì. Lónìí, ìgbà tí iná bá lọ gan-an ni ariwo ń bẹ̀rẹ̀.

Nínú irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ìgbà náà ti ń wá ohùn kiri. Ẹ̀yin ń fọwọ́ kan fóònù, orin á dé. Nígbà yẹn, kí ọkùnrin tó pinnu irú sẹ́ẹ̀tì tó máa tò sí pálọ̀ rẹ̀, ó lè gbà á ní ọdún mẹ́rin. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í lọ ra gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú páálí kan. Yóò kọ́kọ́ wá èyí tí àwo orin ń yí lórí rẹ̀, kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ má jẹ́ èyí tó ń ha àwo. Yóò wá ampilifáyà, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn náà lágbára. Lẹ́yìn náà ni sípíkà, ojú rẹ̀ tí ohùn ń gbà jáde nìkan ni wọ́n sì máa ń rà. Káfíńtà ló máa kan àpótí fún un. Láàárín gbogbo ìyẹn, àríyànjiyàn ni. Bàbá Dàpọ̀ á gbé ampilifáyà rẹ̀ mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, á fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè so ó mọ́ sípíkà tibẹ̀, kí wọ́n gbọ́ bó ṣe rí. Àwo kan náà ni wọ́n máa ń fi dán gbogbo rẹ̀ wò, àwo olórin Ìjẹ̀ṣà kan tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́, tí abẹ́rẹ́ ti ha ní apá kan débi pé kò sí ẹni tí kò mọ ibi tó ti máa fò.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ ń ṣe é. Bàbá Dàpọ̀ lẹ́nìkan. Bàbá Ìbejì lẹ́nì kejì, ọmọ Iléṣà, Mùsùlùmí tó ń ta aṣọ, òun ló rí jájẹ jù nínú wọn. Ẹnì kẹta ni Múfútáù káfíńtà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Muṣin, òun ló ń kan àpótí fún gbogbo wọn. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Àwọn mẹ́ta yìí kì í yà. Bí ó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí a jẹun tán, mo ti mọ̀ pé pálọ̀ kì í ṣe tèmi mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìrọ̀rí. Múfútáù ní inú àpótí sípíkà gbọ́dọ̀ ní òwú, kí ohùn má baà máa dún bí inú àgbá. Mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, mo bá ìrọ̀rí wa méjèèjì lórí ibùsùn, wọ́n ti là wọ́n níkùn, wọ́n ti kó gbogbo ìfun wọn lọ.

Mo ní, "Bàbá Dàpọ̀, kí lẹ fi ìrọ̀rí ṣe?"

Ó ní, "Ó ti wọ inú sípíkà."

"Kí la ó wá gbórí lé sùn?"

Ó ní, "Bó o bá gbọ́ ohùn tó ń jáde níbẹ̀, o ò ní fẹ́ sùn mọ́."

Ìró àti ìborùn mi la ká gbórí lé fún oṣù kan àti àbọ̀. Ọrùn dùn mí débi pé mátírọ́nì wa bi mí bóyá ọkọ mi ń nà mí.

Bí etí mi ṣe wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ní wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún, ohun èlò kékeré kan wà tó dà bí fèrè, tí a máa ń gbé lé ikùn aláboyún, a ó sì gbé etí lé ẹnu rẹ̀ kejì. Ariwo pọ̀ ní wọ́ọ̀dù: ẹnìkan ń rọbí, ẹnìkan ń pe Ọlọ́run, abọ́ irin ń já lulẹ̀. Láàárín gbogbo rẹ̀, agbẹ̀bí gbọ́dọ̀ wá ohùn kan ṣoṣo rí, bí ọkàn ọmọ tí kò tíì wá sáyé ṣe ń lù, kó sì mọ̀ bóyá ó ń yára jù tàbí ó ń fà. Bó bá ṣì í gbọ́, ẹ̀mí lè bọ́. Mo ṣe é fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Kì í ṣe pé mo ní ẹ̀bùn. Wọ́n kọ́ mi ni, ẹ̀rù sì bà mí tó láti kọ́ ọ.

Ọjọ́ kan, wọ́n to sípíkà méjì sí pálọ̀, wọ́n ń jiyàn lórí èyí tó dára jù. Mo wà ní kíṣìnnì, mo ń ṣa ẹ̀wà. Bàbá Dàpọ̀ wọlé wá bu omi. Mo kàn sọ ọ́ fún un bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán: "Ti apá òsì yẹn, akọrin náà kì í mí."

Ó ní, "Kí lo wí?"

"Èèyàn tó ń kọrin gbọ́dọ̀ mí kó tó bọ́ sí ìlà kejì. Nínú ti ọ̀tún, mo ń gbọ́ ọ tó ń mí. Nínú ti òsì, kò mí rárá."

Ó gbé ife omi náà dání, kò mu ún. Ó padà sí pálọ̀. Mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo jókòó: "Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ti òsì yìí, akọrin náà kì í mí." Wọ́n tún àwo náà fi. Lẹ́yìn náà Bàbá Ìbejì pariwo pé, "Háà! Tíṣà, etí yín mà mú o!"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọdún bíi mẹ́ta ló fi máa ń wọ kíṣìnnì wá mu omi. Òùngbẹ máa ń gbẹ ẹ́ púpọ̀ bí sípíkà tuntun bá dé. Màá sọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, màá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ mi lẹ́nu rẹ̀ ní pálọ̀, ìyìn á sì tẹ̀ lé e. Wọ́n sọ ọ́ ní Ẹlẹ́tí. Àwọn èèyàn tí a ò mọ̀ rí ń ti Yábàá wá bá a pé kó wá bá àwọn gbọ́ ẹ̀rọ tí àwọn fẹ́ rà. Ṣé ó dùn mí? Ó dùn mí díẹ̀. Mo ń sọ ọ́ fún yín báyìí bí ẹni ń ka ìwé aláìsàn: ó dùn mí, mo dákẹ́, mo sì ń se ẹ̀wà lọ. Ibi tí a bá pe orí, a kì í fi ibẹ̀ tẹlẹ̀; ọkọ mi ni, mi ò ní jáde láti kíṣìnnì wá já a kulẹ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ó wá di ọdún Iléyá kan. Iléyá nígbà náà, ilé Mùsùlùmí ni gbogbo wa ń lọ; bó bá di Kérésì, àwọn náà á wá sọ́dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ẹni tó pè é. Bàbá Ìbejì ti gba ampilifáyà méjì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, ó fẹ́ mú ọ̀kan, kó dá èkejì padà ní ọjọ́ kejì. Ọ̀kan nínú wọn rí rèǹtè-rente, iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú níwájú rẹ̀. Èkejì rí bí àpótí irinṣẹ́. Ó ní òun ò fẹ́ kí ojú tan àwọn jẹ, ló bá da aṣọ bo méjèèjì. Ó sì ní kí Ẹlẹ́tí wá sọ èyí tí òun máa mú, níwájú gbogbo àlejò.

Èmi wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo parí ní ọ̀sán, tí mo jáde ní gééètì ní Ìdí-Àràbà, mo rí Bàbá Dàpọ̀ tó dúró lábẹ́ igi, tó wọ agbádá, òógùn bo ojú rẹ̀. Mo rò pé nǹkan ti ṣe ọmọ.

Mo ní, "Dàpọ̀ ńkọ́?"

"Dàpọ̀ ń jẹ ẹran. Kò sí nǹkan tó ṣe é."

"Kí lẹ wá ń ṣe níbí?"

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ní kí n yàn. Mo ní òùngbẹ ń gbẹ mí. Mo dé kíṣìnnì wọn, àwọn ìyàwó Bàbá Ìbejì ni mo bá níbẹ̀, wọ́n bu omi fún mi. Mo mu ún. Mo padà sí pálọ̀, wọ́n tún orin náà fi, etí mi di. Èkíní dùn, èkejì dùn. Gbogbo wọn ń wojú mi."

"Ẹ sì mú ọ̀kan?"

"Mi ò mú ìkankan. Mo sọ òtítọ́ fún wọn. Mo ní etí ìyàwó mi ni mo ti ń lò láti ọjọ́ yìí wá, pé gbogbo ohun tí mo ti sọ fún wọn rí, ìwọ lo sọ ọ́."

Àwọn tó wá wo aláìsàn ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Mo ní, "Wọ́n rẹ́rìn-ín?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an."

"Ẹ wá fẹ́ kí n wá bò yín láṣìírí."

Ó gbójú sókè. Ó ní, "Rárá. Mo fẹ́ kó o wá bá Bàbá Ìbejì yan ampilifáyà. Mo tún fẹ́ kí wọ́n rí ọ."

Mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú aṣọ funfun mi lọ́rùn, fìlà nọ́ọ̀sì lórí. Nígbà tí a wọ pálọ̀ náà, gbogbo wọn yíjú sí wa. Bàbá Ìbejì ló fi ẹ̀fẹ̀ gbà wá. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń gbẹ̀bí etí. Ẹ jọ̀ọ́, tèmi ti ń rọbí láti àárọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fún mi ní àga kan ṣoṣo tó wà láàárín. Mo ní kí wọ́n fi orin náà nígbà mẹ́ta. Mo di ojú. Mo ṣe é bí mo ṣe ń ṣe é ní wọ́ọ̀dù, mo ń yọ ariwo kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan: ti ọmọdé, ti abọ́, ti ewúrẹ́ tó ń ké lẹ́yìnkùlé, títí ó fi ku ohùn tí mo ń wá.

Mo ní, "Ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ mú. Ìkejì ń fi agbára lé ohùn tí kò bèèrè agbára. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ mi, ẹ ṣí àpótí sípíkà ọ̀tún yẹn. Nǹkan kan ń gbọ̀n nínú rẹ̀."

Inú bí Múfútáù. "Nọ́ọ̀sì, àpótí tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn? Kò sí nǹkan tó ń gbọ̀n níbẹ̀."

Mo ní, "Ẹ ṣí i."

Ó tú ìdè ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, ó ti ọwọ́ bọ inú òwú, ó wá a títí. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ jáde, pẹ́ńsù káfíńtà ló mú, pẹ́ńsù pupa pẹlẹbẹ tó ti ń wá láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, tó ti fẹ̀sùn rẹ̀ kan gbogbo ará ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó fi pẹ́ńsù náà há etí. Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín, Bàbá Dàpọ̀ ló sì rẹ́rìn-ín jù. Ó fi ògiri ti ara, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń nawọ́ sí mi, ó ń wí fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé, "Ìyàwó mi nìyẹn! Ìyàwó mi nìyẹn!" Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ, èyí tó rí bí àpótí irinṣẹ́ ni mo yàn.

Láti ọjọ́ náà, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Wọn ò pe Bàbá Dàpọ̀ ní Ẹlẹ́tí mọ́, Ọkọ Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é, ó sì máa ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀. A jọ máa ń lọ ni. A ó wọlé onílé, màá pàtẹ́wọ́ láàárín pálọ̀, màá gbọ́ bó ṣe padà wá. Màá ní kí wọ́n sún àga, kí wọ́n fi ẹní kọ́ ara ògiri, kí wọ́n gbé sípíkà kúrò ní kọ̀rọ̀. Bàbá Dàpọ̀ á jókòó tì mí, á di ojú, orí rẹ̀ á máa mì. Nígbà mìíràn a ó ti kúrò níbẹ̀, a ó ti rìn jìnnà, á ṣì máa sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí lára òun. Ó lè sọ ọ́ láti Muṣin dé Àgùdà.

Kò sí ọjọ́ kan pàtó tó parí. Bí omi ṣe ń gbẹ nínú ìkòkò ni. Jẹnẹrétọ̀ dé, ilé kọ̀ọ̀kan ra tirẹ̀, ẹ ò sì lè gbọ́ èémí akọrin nígbà tí ẹ̀rọ aládùúgbò ń hó lójú fèrèsé. Káséètì dé, ó lọ. Bàbá Ìbejì kú sí Iléṣà. Múfútáù kú, wọ́n sọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù. Ikán jẹ àpótí sípíkà wa láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí a gbé e, ìyẹ̀fun igi ló dà sílẹ̀. Bàbá Dàpọ̀ ní kò sí wàhálà, a ó kan òmíràn. A ò kan òmíràn. Àìsàn rẹ̀ kò pẹ́. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì ń ka bí ìṣàn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń lù, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn, títí mi ò fi rí nǹkan kà mọ́. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi ríran gbogbo ọjọ́ ìsìnkú náà. Ẹkún ni mi ò rí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni Dàpọ̀ wá bá mi. Ó jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yẹn.

Ó ní, "Mọ́mì, mo fẹ́ to ẹ̀rọ orin sí pálọ̀ yín. Èyí tó dáa jù tí ọwọ́ mi bá lè tó."

Mo ní, "Kí n fi ṣe kí ni?"

Ó ní, "Ẹ ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀ ń jẹun, ẹ̀ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ sì ń dáhùn bí a bá kí yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ̀rọ̀ mọ́."

Ó ti kà nípa ẹ̀rọ orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún oṣù mẹ́ta. Ó mọ irú bàbà tó wà nínú wáyà. Ó mọ bí ohùn ṣe ń lọ sókè àti bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀, ó fi hàn mí lórí fóònù, ìlà tó ń gun òkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ọ̀nà Ìjẹ̀ṣà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó wá bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé sípíkà ni kí n kọ́kọ́ rà ni àbí ampilifáyà?"

Mo ní, "Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Dìde, pàtẹ́wọ́."

Ó wojú mi. Ó dìde, ó pàtẹ́wọ́ láàárín pálọ̀. Ohùn náà kọlu táìlì ilẹ̀, ó kọlu gíláàsì fèrèsé, ó padà wá bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.

"Ṣé o gbọ́ ọ? Èyíkéyìí tó o bá gbé síbí, ariwo yẹn ló máa bá ọ gbọ́ ọ. Ra kọ́tìnì tó wúwo. Wá kápẹ́ẹ̀tì. Kó ìwé bàbá rẹ wá sí ògiri ẹ̀yìn yẹn."

Ó ṣe gbogbo rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Lẹ́yìn náà ló gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Sùúrùlérè, ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti mú mi bí òtútù ọyẹ́. Àǹtí kan tó ń tajà níbẹ̀, ọmọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, gbé àga fún mi. Ó kọ́kọ́ fi sípíkà méjì tó ga tó èèyàn hàn wá, dúdú, tó ń dán. Ó fi orin sí i. Inú àyà mi mì.

Dàpọ̀ ń wojú mi bí ẹni tó ń wo àbájáde ìdánwò. "Mọ́mì, èyí ńkọ́?"

Mo ní, "Ó dára. Kì í ṣe fún wa. Pálọ̀ wa kò gbà á. Ohùn rẹ̀ á kọlu ògiri, á sì padà wá bá ara rẹ̀ jà."

Àǹtí náà ní, "Mọ́mì, àwọn èèyàn ńláńlá ló ń ra èyí o."

"Pálọ̀ wọn náà á tóbi." Mo ní kó fi èyí kékeré tó wà lórí pẹpẹ sí i. Ó fi í. Mo ní kó sún un síwájú kúrò lára ògiri, kó yí ojú rẹ̀ sí wa díẹ̀. Mo ní kó pààrọ̀ ampilifáyà. Mo ní kó dá ti tẹ́lẹ̀ padà. Ó wá ń wò mí lójú.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí rí ni?"

Mo ní, "Agbẹ̀bí ni mí."

Bí a ṣe rà á nìyẹn. Ohun gbogbo tí mo sọ tọ̀nà, mo mọ̀ pé ó tọ̀nà, bí mo ṣe mọ̀ pé méjì àti méjì jẹ́ mẹ́rin. Kò sì sí nǹkan kan tó mì nínú mi, àfi àyà tí sípíkà ńlá yẹn mì.

Ọ̀sán Sátidé ló tò ó sí pálọ̀. Ó fi téèpù wọn àárín sípíkà méjèèjì, ó rọra gbé mi jókòó sí ojú ibi tó yẹ. Ó fi orin kan sí i tí mi ò gbọ́ rí, obìnrin kan àti gìtá kan. Mo gbọ́ ìka obìnrin náà tó ń rá lórí okùn gìtá. Mo gbọ́ ètè rẹ̀ tó ń là. Mo gbọ́ pé yàrá tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀ tóbi, pé ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pákó. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ń bá àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn kiri, mi ò gbọ́ ohun tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Dàpọ̀ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. "Mọ́mì, ṣé ó dùn?"

Mo ní, "Ó péye."

"Mi ò béèrè bóyá ó péye. Ṣé ó dùn?"

Mo wá ìdáhùn náà. Mo wá a dáadáa, nítorí mo rí ojú rẹ̀. Mo ní, "Dàpọ̀, mi ò mọ̀. Mi ò fìgbà kankan mọ̀. Èmi ló máa ń sọ èyí tó tọ̀nà fún bàbá rẹ. Òun ló máa ń sọ fún mi pé ó dùn."

Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú mi, àfi ìgbà tó jáde. A jọ gbọ́ ọ. Obìnrin yẹn ń kọrin lọ. Dàpọ̀ na ọwọ́ láti pa ẹ̀rọ náà.

Mo ní, "Má pa á. Fa àga yẹn wá, kó o jókòó. Sọ ọ́ fún mi."

"Kí n sọ kí ni, Mọ́mì?"

"Bó ṣe rí lára rẹ."

Ó jókòó. Ó fọwọ́ nu ojú. Ojú ń tì í, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ó dà bíi… mi ò mọ̀. Ó dà bí ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí èèyàn wá ṣí fèrèsé."

Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Máa bá a lọ."

Ó ń bá a lọ. Ó ṣì í sọ, ó tún un sọ. Adùn náà kò dé ọ̀dọ̀ mi lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mi ò dìde. Nígbà tí orin náà parí, ó fi òmíràn sí i, ó padà wá jókòó tì mí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.